Àmín Tí Wọn Ò Fẹ́ Nínú Fíìmù

Ọlọ́run ló fún wa ní omijé, mo sì gbà pé ó ní ìdí tó fi fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe orin sábẹ́ fíìmù ti sọ ọ́ di omi ẹ̀rọ. Wọ́n á ṣí i nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n á tì í nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Obìnrin kan tí ẹ ò mọ̀ rí ń rìn lọ lójú ọ̀nà oko. Fáyólíìnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tí ebi ń pa, àìmọye mìíràn dá a lóhùn, àwọn akọrin tí ẹnikẹ́ni ò rí gbé "àà" ńlá kan lé e lórí, ẹ sì ṣàdédé rí i pé omi ń kán lójú yín sórí ẹ̀pà. Obìnrin náà kò tíì sọ nǹkan kan o. Ó lè jẹ́ pé ata ló fẹ́ lọ já.

Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣí bí omi ẹ̀rọ. Ìpolówó wàrà ti pa mí lẹ́kún rí, nítorí dùùrù tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Fíìmù tiwa-n-tiwa ló ṣàánú wa díẹ̀, nítorí orin tiwọn kì í fi nǹkan pamọ́. Kí ìyá ọkọ tó fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀, olórin á ti máa kọ ọ́ pé májèlé wà níbẹ̀, ìyàwó má jẹ ẹ́. Gbogbo wa ni a máa ń gbọ́ ọ, àfi ìyàwó.

Nígbà tí wọ́n wá kéde ní ìjọ wa pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe fíìmù, pé ẹgbẹ́ akọrin ni yóò sì kọ orin abẹ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó yẹ kí àwa náà pa ẹlòmíràn lẹ́kún.

Ìjọ wa wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi Yorùbá wàásù ní Warri, ní ìsìn àárọ̀ kùtù. Ìlàjẹ ni ìdajì wa, àwọn tí òbí wọn gba orí omi wá láti etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n pẹja dé ibí tí wọn ò sì padà mọ́. Ìdajì yòókù ni àwọn tí ilé iṣẹ́ epo gbé wá láti Èkó, tí yóò tún gbé wọn lọ bí wọ́n bá ti ń mọ ibi tí ẹja tútù ò ti wọ́n. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá dáadáa. Pidgin ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí epo gbé wá ni ẹnjiníà tó ń darí akọrin wa. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ orin ni, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ló ń tún ṣe; ní òpin ọ̀sẹ̀, àwa ló ń tún ṣe. Ó ní ọ́kẹ́sítírà kan, odindi, tó ń gbé kọ́ èjìká nínú báàgì. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé: fáyólíìnì tí kì í jẹun, afọnfèrè tí kì í pẹ́ dé, onílù ńlá tí kì í bá adarí jà. Akọrin pàápàá wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé àwọn yẹn kò ní ẹ̀mí, pé ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ ohùn èèyàn. Inú mi dùn pé wọ́n fi wá wé ẹ̀rọ, tí a sì yege.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù lọ ni màmá mi. Ubeji ni wọ́n ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, èmi sì ń gbé nítòsí Deco Road níbi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi ló ń pa wá pọ̀, nítorí ohùn áátò ni àwa méjèèjì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí wọ́n tó bí mi ni màmá mi ti ń kọ ọ́. Etí omi Ubeji yẹn náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ya fíìmù ọ̀hún, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ta ẹja níbẹ̀ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ tí màmá mi kò tíì sọ fún pé ohùn òun máa wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Wọ́n sọ fún ẹni tó ń ta yìnyín. "Una go hear me for inside," ni wọ́n ń sọ káàkiri, àwọn tí kì í fi gbogbo ara sọ Pidgin. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ nìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ fíìmù náà: kí a gbọ́ wọn.

Ìtàn fíìmù náà kò le. Apẹja kan lọ sódò, kò padà. Ìyàwó rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ sétí omi ní ìdájí, ó gbàdúrà. Ibẹ̀ ni orin wa máa ti wọlé.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, a jókòó, a fi gíláàsì wa sójú, a ń retí ìwé orin. Ẹnjiníà kò pín ìwé kankan.

Díákónì tó jẹ́ olórí báàsì ló béèrè. Ìlàjẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n Warri ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ sì fi hàn.

"Ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ orin dà?"

"Kò sí ọ̀rọ̀, sà. Àà nìkan ni."

"Àà?"

"Àà, sà. Ẹ máa gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀."

"From where reach where?"

"Títí obìnrin yẹn á fi dìde lórí ìkúnlẹ̀."

Díákónì yíjú sí àwọn báàsì rẹ̀. "For this church, person wey shout 'aah' reach like that, na deliverance we dey carry am go."

A rẹ́rìn-ín. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹnjiníà, ọmọ mi, ta la ń kọ ọ́ sí?"

"Ẹ ní kí ni, Mọ́mì?"

"Àà yẹn. Bí a bá kọ 'Olúwa', a mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló ni àà?"

Ẹnjiníà ronú. Ọmọlúwàbí ni, kò fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú àgbà. "Kò sí ẹni tó ni ín, Mọ́mì. Ìmọ̀lára lásán ni. Bí ẹ bá ti ń kọ ọ́, ọkàn àwọn tó ń wòran á máa rú."

"Láìpe Ọlọ́run sí i?"

"Ọlọ́run á mọ̀, Mọ́mì."

Ìyẹn tẹ́ màmá mi lọ́rùn díẹ̀. A kọ ọ́. Ẹnjiníà wá so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìjọ, ó ní kí a gbọ́ bí ọ́kẹ́sítírà ṣe máa gbé wa. Mo fẹ́ fi ìyókù ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́. Nígbà tí àwọn fáyólíìnì yẹn rọra wọlé láti ìsàlẹ̀, tí fèrè gígùn kan dá dúró lókè wọn, tí "àà" tiwa yìí, àà àwọn ẹlẹ́ja àti onídìrí àti òṣìṣẹ́ epo, gòkè lọ bá wọn, irun ara mi dìde. Mo mọ̀ pé inú báàgì ni gbogbo wọn ti jáde. Mo mọ̀ pé bátìrì ló ń gbé wọn ró. Mo sunkún síbẹ̀síbẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún èèyàn ní ọgbọ́n tó fi lè kó fáyólíìnì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ láìsan owó ọkọ̀ fún ọ̀kankan.

Lẹ́yìn ìpàdé, ẹnjiníà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi àwọn ìlà kan hàn mí tó ní ohùn wa ni.

"Sístà, ẹ wò ó. Gbogbo yín tẹ́jú. Ibí yìí nìkan ló ń ṣe gbágungbàgun."

Mo wò ó. Gbágungbàgun ni lóòótọ́, bí ojú ọ̀nà wa lẹ́yìn òjò.

"Ohùn Mọ́mì ni," ó sọ. "Ó ń gbọ̀n. Ní ọjọ́ ìsinmi kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n maíìkì máa gbé e jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi ti fíìmù yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ìyẹn náà wà lára wọn.

Mo lọ sí Ubeji. Màmá mi wà nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja. Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ sí mi. Mo kàn ń tún un sọ níbí ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà.

"Màámi, ẹnjiníà ní kí n bá yín sọ nǹkan kan. Ó ní ohùn yín ń gbọ̀n."

"Ó ń ṣe kí ni?"

"Ó ń gbọ̀n."

Wọ́n yí ẹja kan, wọ́n yí èkejì. "Ohùn tí mo fi kọrin níbi ìsọmọlórúkọ rẹ, òun ló ń gbọ̀n."

"Kì í ṣe pé kò dára o. Maíìkì ni wọ́n ní ó máa ń gbé e."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún maíìkì kó fara balẹ̀?"

Mo bá wọn fẹ́ iná. Nígbà tó yá, wọ́n sọ láìwo ojú mi pé, "Kí ni mo fẹ́ wá sọ fún gbogbo àwọn ará etí omi yìí?" Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Wọ́n ń béèrè lóòótọ́ ni, bí ẹni pé mo lè mọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ojú sókè.

"Mo máa wá lọ́jọ́ náà. Mi ò ní kọrin. Ẹni tí kò kọrin ṣì lè jókòó nínú ilé Ọlọ́run, àbí wọ́n ti fi òfin ìyẹn náà sínú kọ̀ǹpútà?"

Wọ́n wá. Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n wọ aṣọ akọrin láti Ubeji wá nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa, wọ́n jókòó síbi àga iwájú pátápátá, wọ́n ká ọwọ́ lé orí itan. Àwọn ọ̀dọ́ ti pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti pa gbogbo fáànù nítorí maíìkì yìí kan náà, tí kò lè gba ariwo díẹ̀ mọ́ra. Àwọn tí ń kọrin ń làágùn bí ẹni tó ń sá lọ. Ẹnjiníà ta aṣọ funfun kan sára ògiri, ó ń fi ẹ̀rọ bátìrì kékeré kan gbé fíìmù náà hàn wá níbẹ̀, nítorí ó ní bí a bá ń wo obìnrin yẹn, ìmọ̀lára á wọ ohùn wa.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbàgbé ni irú èèyàn tí a jẹ́. Nínú ìjọ wa, a kì í gbọ́ àdúrà kí a má ṣe Àmín sí i. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, a kàn dàgbà sínú rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbàdúrà lórí rédíò ní ilé aládùúgbò, a máa ṣe Àmín láti ẹ̀yìn ògiri. Bí alágbe bá gbàdúrà fún ẹlòmíràn, a máa bá ẹni náà ṣe é. Èmi alára ti ṣe Àmín sí àdúrà ẹni tó ń ta oògùn aràn nínú bọ́ọ̀sì, mi ò sì ní aràn.

Ẹnjiníà gbé ọwọ́ sókè. Ọ́kẹ́sítírà wọlé láti inú báàgì. A gbé "àà" wa. Lára aṣọ funfun, obìnrin náà rìn dé etí omi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó la ẹnu: "Olúwa, ìwọ lo ni omi. Dá a padà fún mi."

"Àmín!" ni màmá mi ṣe.

"Àmín!" ni gbogbo akọrin ṣe, báàsì, tẹ́nọ̀, áátò, sopránò, ní ìpele mẹ́rin tó dọ́gba, ó dára ju ohunkóhun tí a ti kọ rí lọ.

Ẹnjiníà dá ẹ̀rọ dúró. "Ta nìyẹn?"

"Na Mama start am," Díákónì sọ.

"Ẹ̀yin náà ṣe é, sà."

"Make I leave am make e hang for air?"

A tún un ṣe. Ó ní kí a jẹ ètè wa. A jẹ ètè wa. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, màmá mi tún ṣe Àmín, àwa náà sì tú ètè wa sílẹ̀. Wàyí o, ẹnjiníà rìn lọ síwájú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dákun. Kì í ṣe àdúrà gidi. Eré ni. Ọkọ tó ní ó sọ nù yẹn, òun ló gbé àtùpà dání lẹ́yìn kámẹ́rà."

Màmá mi wò ó pẹ̀lú sùúrù. "Ṣé Ọlọ́run mọ̀ pé eré ni?"

A ní ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn láàárín wa, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹnjiníà wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà gbígbóná. "Sístà, ẹ bá mi gbé àga fún Mọ́mì síta. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Afẹ́fẹ́. Mo gbé àga náà. Màmá mi tẹ̀lé mi nínú aṣọ akọrin wọn, wọ́n sì ń kí gbogbo ìlà bí wọ́n ṣe ń kọjá bí bíṣọ́ọ̀bù tó parí àbẹ̀wò: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́." Mo gbé àga sábẹ́ igi furúùtù ẹ̀yìn ìjọ. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Wọlé, wọ́n ń dúró dè ọ́." Mo wọlé.

A kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí Àmín kankan. Kò sí nǹkan kan tó gbọ̀n. Ẹnjiníà gbé e jáde fún wa lórí ẹ̀rọ ńlá, a jókòó, a ń retí pé kí omi ẹ̀rọ ṣí. Kò ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe dún, ẹ lọ dúró ti fíríìjì yín. Arábìnrin wa kan wà ní sopránò tó máa ń sunkún bí wọ́n bá ń ka ìkéde. Òun gan-an ń fi ìwé fẹ́ ara.

"Ó mọ́," ẹnjiníà sọ nígbẹ̀yìn.

"E clean," Díákónì gbà. "E clean like plate wey nobody don chop inside."

Nígbà tí mo jáde, àga nìkan ló wà lábẹ́ igi. Màmá mi ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Mo rò ó pé nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, wọ́n á ti máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fún ẹni tó ń ta yìnyín.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹnjiníà yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn iṣẹ́, aṣọ ilé iṣẹ́ epo ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ sí Ubeji. Lójú ọ̀nà ni ó ti jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn láti Èkó. Alhája ni ìyá náà. Nínú yàrá, ẹnjiníà ń gbọ́ èyí tí Àmín màmá mi bà jẹ́, ó fẹ́ mọ ibi tó ti lè gé Àmín náà kúrò. Bó ṣe dún jáde báyìí, alhája dá a lóhùn láti kíṣìnì níbi tí wọ́n ti ń dín dòdò: "Àmín o!" Wọ́n tún jáde wá, ṣíbí lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣe ẹni tó ń gbàdúrà náà, omi sì wà lójú wọn. Ó fi èyí tó mọ́ hàn wọ́n. Wọ́n padà lọ bá dòdò wọn.

Ní Ubeji, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n gbé àpótí fún un sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ní apá ibi tí èéfín ń kọjú sí, mi ò sì ní sọ pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò pẹ́ tí omijé fi ń ṣàn lójú ẹnjiníà láìsí fáyólíìnì kankan.

"Mọ́mì, ẹ wá kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín."

"Ṣé ohùn mi ti dẹ́kun gbígbọ̀n?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Gbé e wá kí n wò ó dáadáa. Ọjọ́ yẹn, ẹ ò jẹ́ kí n rí i parí."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà sórí itan. Orin wọlé, obìnrin náà rìn dé etí omi, etí omi tó wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀ yẹn gan-an. Màmá mi nu ọwọ́ ẹja wọn, wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n wò ó dé ibi tí obìnrin náà ti dìde lórí ìkúnlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnjiníà sì dá a dúró.

"Orin yín dùn," wọ́n sọ. "Ó dùn dé egungun. Obìnrin yìí rí àánú gbà, gbogbo ayé ló ń bá a sunkún." Wọ́n na ọwọ́ sí apá omi. "Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí bàbá ẹni yìí lọ tí kò padà. Wọ́n rí ọkọ̀, wọn ò rí i. Kò sẹ́ni tó lu nǹkan kan fún mi. Ẹ̀rọ àwọn aládùúgbò ló ń pariwo. Mo gbàdúrà tí obìnrin yìí gbà, mo dúró, mo ń retí kí ẹnì kan ṣe Àmín sí i. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀." Wọ́n padà sídìí ẹja. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá a ṣe é. N kò lè fi í sílẹ̀ sétí omi bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé bàbá mi kú sí omi. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mi ò mọ̀ nípa Àmín.

Ẹnjiníà nu ojú. Èéfín ni, dájúdájú. "Ẹ wá ṣe é, Mọ́mì," ó sọ. "Bí ẹ ṣe ṣe é yẹn."

"Mi ò ní kọ àà o."

"Ẹ má kọ àà, mà."

"Àmín nìkan."

"Àmín nìkan, mà."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹnjiníà sọ fún akọrin pé ohun tí òun ti ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ohùn àgbà kan dá àdúrà náà lóhùn. A kan sáárá sí i fún ìran jíjinlẹ̀ tó rí. Màmá mi dúró níwájú maíìkì kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ohùn wọn gbọ̀n bí ewé, ó tó. Díákónì ò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ìyanu.

Gbọ̀ngàn kan ní Airport Road ni wọ́n ti fi fíìmù náà hàn. Àwọn ará etí omi Ubeji kún bọ́ọ̀sì wá. Ẹni tó ń ta yìnyín wọ kóòtù. Màmá mi jókòó láàárín wa, wọ́n ń sọ fún tọ̀tún tòsì pé kí wọ́n fetí sílẹ̀, ibi tí òun wà kò gùn. Ìjọ wa wá, ìjọ mìíràn wá, ìyá ìyàwó ẹnjiníà wá pẹ̀lú ìbòrí funfun.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi etí omi, ọ́kẹ́sítírà rọra jáde láti inú ògiri, ohùn wa gòkè bá a. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ títí kan àwọn tó ń jẹ gúgúrú. Ní ẹ̀gbẹ́ mi, màmá mi na ọrùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Olúwa, ìwọ lo ni omi. Dá a padà fún mi."

"ÀMÍN!" ni gbogbo gbọ̀ngàn ṣe.

Kí la rò? Ìjọ ni a pè. Wọ́n ṣe é tọkàntọkàn, wọ́n ṣe é tẹsẹ̀tẹsẹ̀, alhája ṣe é, ẹni tó ń ta yìnyín dìde dúró láti ṣe é. Bí ẹ bá tilẹ̀ kó ọ́kẹ́sítírà gidi wá láti òkè òkun, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń lù. Mo rí ẹnjiníà níwájú tó gbé ọwọ́ lé orí. Nígbà tí ariwo yóò fi rọlẹ̀, obìnrin náà ti dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ń rìn lọ sílé.

Màmá mi nìkan ni kò ṣe Àmín. Wọ́n ń fetí sílẹ̀ de ohùn ara wọn.

"Ó ti kọjá?" wọ́n bi mí.

"Ó ti kọjá, Màámi."

"Mi ò gbọ́."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ."

Lára ògiri, ọkọ̀ kan yọ láti inú ìkùukùu, apẹja wà nínú rẹ̀, ó wà láàyè, ó ń ju ọwọ́. Fèrè, ìlù, gbogbo ohun tó wà nínú báàgì ẹnjiníà bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu ojú.

"Ó padà," màmá mi sọ.

"Ó padà, mà."

"Ó dáa fún un." Wọ́n sọ ọ́ láìsí ìkorò. Orin ń rọlẹ̀ lọ, ó ku fáyólíìnì kan péré, ibẹ̀ ni wọ́n ti la ẹnu, pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n yẹn: "Àmín."

Gbogbo ìlà iwájú bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí, tí gúgúrú wà lọ́wọ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Mama, prayer don finish o. The man don come back."

"Tèmi ò tíì parí," màmá mi dá a lóhùn.

Ó ṣeé ṣe kó má gbọ́ Yorùbá. Ó wo ojú wọn fún ìgbà díẹ̀, ó wo ojú tèmi náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé gúgúrú rẹ̀ sílẹ̀ sórí itan.

"No vex, Mama," ó sọ. "Amen."